Agbẹjọ́rò Aláìní

Àwọn àgbà Yorùbá ní, "Agbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kí òyìnbó tó dé, ilé Òṣùgbó ni a ń gbé ẹjọ́ tí ó bá ju agbára baálé lọ. Èdè tí tọmọdé tàgbà gbọ́ ni a fi ń rojọ́ níbẹ̀. Ẹbí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kì í sì í fẹ́ kí ọmọ wọn nìkan kojú àwọn àgbà. Bí òun kò bá mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọn a wá ẹni tí yóò bá a sọ ọ́.

Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892, ilé-ẹjọ́ mìíràn dé, pẹ̀lú èdè mìíràn àti ìwé púpọ̀. Òfin tí Lugard fi dá ilé-ẹjọ́ ìgbèríko sílẹ̀ ní 1914 kò tilẹ̀ gba agbẹjọ́rò kankan láyè láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó di 1933 kí wọ́n tó yí òfin náà padà. Ní ọdún 1914 yìí kan náà ni ìjọba ìbílẹ̀ Los Angeles ní Amẹ́ríkà ṣí ọ́fíìsì kan, tí ó ń fi owó ìlú gba agbẹjọ́rò fún àwọn tálákà tí a bá pè lẹ́jọ́. Bí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn fún tálákà ní ọ̀hún ni wọ́n ń tì í mọ́ ọn níhìn-ín.

Ní òde òní, ilẹ̀kùn ti ṣí. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní ẹ̀ka 36, sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Ó tún fún un ní ẹ̀tọ́ láti gba agbẹjọ́rò tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí àìlówó kò jẹ́ kí ènìyàn lò kò yàtọ̀ sí oúnjẹ inú àwòrán. Nítorí èyí ni ìjọba àpapọ̀ ṣe dá Legal Aid Council sílẹ̀ ní 1976, ọdún tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn náà sílẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2000. Òfin 2011 tí ó ń darí Legal Aid Council ní, ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba fi lélẹ̀ lè rí agbẹjọ́rò gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà ṣe ẹ̀sùn olè jíjà ni, ìbáà ṣe ti ìpànìyàn.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di agbẹjọ́rò. Àwọn mìíràn jẹ́ àgùnbánirọ̀. Wọ́n ti lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, bí irú èyí tí ó wà ní Àgó-Ìwòyè, wọ́n sì ti lo ọdún kan sí i ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn amòfin. Ẹgbẹ́ wọn tí ó lọ sí ilé-iṣẹ́ àwọn olówó ń wọ aṣọ olówó iyebíye. Àwọn ń gbé fáìlì lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Bí a bá mú ọmọ alábàárù kan ní ọjà Òkè-Àjé pé ó jí fóònù, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ọlọ́pàá yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun yóò sì tẹ̀ka sí ohun tí kò lè kà. Agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ yìí ni yóò béèrè pé: Ọjọ́ wo ni a mú un? Ǹjẹ́ a sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí? Ta ni ó rí i? Fóònù náà dà? Òun ni yóò bẹ adájọ́ fún béèlì, tí yóò sì wá onídùúró kiri láàárín àwọn ará ilé ọmọ náà. Bí kò bá sí i, ọmọ náà lè pẹ́ lẹ́wọ̀n ju iye ọdún tí adájọ́ ì bá dá fún un lọ. Ju ìdajì àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lọ ni a kò tí ì dá lẹ́jọ́ rárá.

Àwọn kan a máa bínú sí irú agbẹjọ́rò bẹ́ẹ̀. Wọn a ní, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ibi tí a ń pa á sí kọ́ ni ó yẹ. Agbẹjọ́rò kò gba epo sílẹ̀. Ohun tí ó ń béèrè ni bóyá epo sọnù, àti ẹni tí ó gbé e. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà fún un láti tan adájọ́ jẹ tàbí láti kó ẹlẹ́rìí èké jọ. Bí ẹni tí ó ń gbèjà bá jẹ̀bi ní tòótọ́, ojúṣe rẹ̀ ni kí ẹ̀rí fi ìdí ẹ̀bi náà múlẹ̀, kí ìyà má sì ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi. Ìlú tí ó bá sọ méjèèjì di ọ̀kan yóò máa fi aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n, olè gan-an yóò sì máa rìn káàkiri ọjà.

Ẹni tí ó bá rò pé olóòótọ́ kò nílò agbẹjọ́rò, kí ó wo ìtàn. Ní 1962, nígbà tí ìjọba fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, amòfin ńlá ni òun fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ ó ránṣẹ́ pe agbẹjọ́rò kan, E. F. N. Gratiaen, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba kò jẹ́ kí ọkùnrin náà wọ Nàìjíríà. Bí irú Awólọ́wọ̀ bá ń wá ẹni tí yóò bá a rojọ́, kí ni kí alábàárù ṣe?

Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, a fi ẹ̀sùn olè kan tálákà kan, Clarence Earl Gideon, ní 1961. Ó bẹ adájọ́ kí a fún òun ní agbẹjọ́rò, adájọ́ kọ̀, a sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Láti inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà. Ní 1963 ilé-ẹjọ́ náà dá a láre pé ó ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò. A tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́, agbẹjọ́rò dúró tì í, a sì dá a sílẹ̀. Ẹ̀sùn kan náà ni, ènìyàn kan náà ni. Ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Iṣẹ́ pọ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò wọ̀nyí, wọn kò sì pọ̀ tó. Kò yẹ kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ń gba owó lọ́jà lọ́wọ́ alátẹ kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí alátẹ náà nígbà tí ó bá dé iwájú adájọ́. Ìjẹ̀bú kì í sì í ṣe ìlú tí ènìyàn wọ́n sí. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí aṣọ wọn ń dán yinrin ní Ojúde Ọba lọ́dọọdún mọ bí a ti ń dáwó ṣe iṣẹ́ ìlú. Bí wọ́n bá ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ àti owó ìwé agbẹjọ́rò aláìní, iṣẹ́ ìlú ni wọ́n ṣe.

Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ń lépa iṣẹ́ òfin kò gbọdọ̀ wo kìkì ọkọ̀ àti ilé tí amòfin ńlá ní. Kí ó rántí ẹni tí ó nìkan dúró nínú àpótí ẹlẹ́jọ́, tí kò gbọ́ èdè tí a fi ń dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí ó bá lọ dúró ti irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti di ẹbí fún un. Kò gba olè sílẹ̀. Ìlú rẹ̀ ni ó gbà lọ́wọ́ ìwà àgbà òṣìkà.