Orógbó Kò Ní Kí A Máa Gbé Oògùn Mì Bí Ẹ̀wà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ní Ìpara níhìn-ín. Bí ara bá ń ro wọ́n lẹ́yìn ìnájà, wọn a gbé paracetamol mì, mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lọ́sàn-án, mẹ́ta lálẹ́, wọn a sì fi orógbó lé e. Wọ́n ní orógbó yóò dáàbò bo ẹ̀dọ̀. N kò bú orógbó o. Ilẹ̀ obì ni Rẹ́mọ, orógbó kò sì ṣọ̀wọ́n fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Bí paracetamol bá dé inú ẹ̀dọ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ a bá ìtọ̀ jáde láìṣe ibi. Díẹ̀ a di májèlé. Ohun kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tí ń jẹ́ glutathione, òun ni í mú májèlé náà so. Ó dà bí epo tí àgbẹ̀ fi ń pa àdá kí ó má baà dípẹtà. Bí oògùn bá pọ̀ jù, epo a tán, májèlé a sì máa jẹ ẹ̀dọ̀ bí ìpẹtà ti ń jẹ irin.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kò sùn. Ní ọdún 1990, Akintonwa àti Essien tẹ ìwádìí kan jáde: àwọn eku tí wọ́n fún ní omi orógbó kí wọ́n tó fún wọn ní paracetamol púpọ̀, ẹ̀dọ̀ wọn kò bàjẹ́ tó ti àwọn yòókù. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí kolaviron tí a ń yọ lára orógbó. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a fi yangàn ni. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a yọ tí a sì wọ̀n kì í ṣe orógbó tí a rà lọ́jà.

Oògùn tí a ti dán wò lára ènìyàn ni acetylcysteine, tí í dá epo náà padà sínú ẹ̀dọ̀. Ní 1979, Prescott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh fi hàn pé bí aláìsàn bá rí i gbà láàárín wákàtí 8, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní í bàjẹ́ rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹni tí ó ti gbé àpọ̀jù mì lè má rí ju èébì lọ. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ẹ̀dọ̀ í ké. Ẹni tí ó jókòó sílé tí ó ń jẹ orógbó ti fi wákàtí ìgbàlà ṣòfò.

Ti kíndìnrín tún yàtọ̀. Ibuprofen lè dín ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ síbẹ̀ kù, pàápàá lára àgbàlagbà àti ẹni tí omi ara rẹ̀ gbẹ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpẹtà.

Nítorí náà, ẹ ka oògùn bí ẹ ti ń ka owó. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá hóró 8 tí ó jẹ́ 500 mg láàárín wákàtí 24. Mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti di 9. Ẹni tí ó rù tàbí tí ń mu ògógóró, kí tirẹ̀ kéré sí i. Ẹ ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn pẹ̀lú, paracetamol máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣèèṣì kọjá ìwọ̀n, ẹ gbé òun àti páálí náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ṣágámù kò jìnnà, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ orógbó yín, kí ẹ gbó, kí ẹ tọ́. Àṣejù oògùn ni kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.