Ẹ Má Jẹ́ Kí A Pa Òòrẹ̀ Kpogan Tán

Ọ̀rọ̀ ẹran kékeré kan la gbé wá lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín tán, kó wá gbọ́.

Òòrẹ̀ kékeré là ń wí, kì í ṣe ńlá tó ń hú iṣu jẹ lóko. Ẹ̀gún kúkúrú ló bo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á ká jọ bíi bọ́ọ̀lù. Hérisson là ń pè é níléèwé. Òru ló ń jáde, kòkòrò àti ikán ló ń wá kiri, àti ìgbín aláìníkarahun, ìyẹn limace tó ń jẹ sàláàdì àti gboma wa.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Kpogan, a máa ń gbọ́ ọ nínú ewé gbígbẹ lẹ́yìn ilé. Lónìí ńkọ́? Àwọn ọmọ ń lù ú pa jẹ. Iná tí a ń ti bọ pápá ń jó o mọ́ inú ihò. Ẹni tó bá sì ti dé ọjà Akodésséwa mọ ibi tí awọ ẹran ń gbẹ sí.

Òjò oṣù kẹrin dé, ìgbín wọlé, a wá ń pariwo. Ká tó ṣẹ́jú, a ti ra oògùn inú ike tí kò ní orúkọ lára. Oògùn òwú ni endosulfan, àmọ́ ó dé orí ẹ̀fọ́. Ní 1999, ó pa èèyàn ní Borgou, ní Benin tó wà nítòsí wa níbí. Ní 2011, Àdéhùn Stockholm kà á mọ́ májèlé tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Hóró búlúù tí wọ́n ń dà sílẹ̀ fún ìgbín ńkọ́? Métaldéhyde ni. Ó ń pa ìgbín lóòótọ́, ó sì ń pa ajá àti òòrẹ̀ tó bá jẹ ẹ́. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é lóko àti nínú ọgbà láti 2022. Ohun tí onílé lé jáde, àwa la fẹ́ fún un ní yàrá?

Ẹnìkan sọ fún wa pé òòrẹ̀ ò lè jẹ gbogbo ìgbín tán. Òótọ́ ni, a ò ní parọ́. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì ṣa èyí tó kù lóru, kí ẹ sì máa bomi rin ẹ̀fọ́ láàárọ̀ dípò ìrọ̀lẹ́, torí ilẹ̀ tútù lóru ló ń pe ìgbín. Ẹ fi ewé àti ẹ̀ka gbígbẹ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ọgbà kan, ibẹ̀ ni òòrẹ̀ máa sùn.

Ẹ̀yin olóyè ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tó ń ti iná bọ pápá, ẹ sì ń dákẹ́. Odi sìmẹ́ńtì ti yí gbogbo ilẹ̀ ká, ẹran ò rọ́nà gbà. A dìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú ní 2019, a ò sì tíì rán ẹnì kan sí mẹ́rì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀: kí ẹ dá iná pápá dúró, kí ẹ kéde pé ọmọ kankan ò gbọdọ̀ pa òòrẹ̀, kí ẹni tó bá ń mọ odi sì ní kí bíríkìlà fi ihò sàǹtímítà 13 sílẹ̀ nísàlẹ̀. A máa bèèrè èsì lọ́wọ́ yín ní ìpàdé tó ń bọ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́.