Oúnjẹ Alárùn Jẹjẹrẹ Kò Gbọdọ̀ Tẹ́

Nígbàkígbà tí ìròyìn bá délé pé jẹjẹrẹ mú ẹnì kan, owó oògùn ni ẹbí kọ́kọ́ ń wá. Èyí tọ́, nítorí owó náà kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ta ni nínú ẹbí náà tí ń béèrè lójoojúmọ́ iye ṣíbí oúnjẹ tí ó wọ inú aláìsàn? Àwa rò pé ìbéèrè yìí wúwo tó ti owó, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú ilẹ̀ wa jẹ lógún bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí jẹjẹrẹ wà ní ẹnu tàbí ní ọ̀fun rẹ̀. Bí àwọn dókítà bá ń fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7 tí yóò fi máa lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ọjọ́ 5 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí, ẹnu a máa bó, itọ́ a máa gbẹ, ohun tí ó bá fi kan ahọ́n a sì máa dà bí irin. Oògùn tí a ń fà sí iṣan tún ń fi èébì àti ìríra oúnjẹ kún un. Ẹni tí kò lè jẹun yóò rù. Bí ó bá rù jù, ìbòjú tí wọ́n fi ń di orí rẹ̀ mú lábẹ́ ẹ̀rọ kò ní bá a mu mọ́, wọ́n sì lè ní láti dá ìtọ́jú dúró fún ìgbà díẹ̀. Dídá a dúró bẹ́ẹ̀ ń fún àrùn náà láyè. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹ́ ni a ń sọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Apá kan ìtọ́jú ni.

Kí ni a wá ń gbé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ògì. Ògì láàárọ̀, ògì lọ́sàn-án, kọ́sítàdì lálẹ́. A kò bá ògì jà. Òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa mu dàgbà. Ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú ife ògì kan, èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ ní òkè òkun ti rí bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń lọ pọ̀tétò àti ẹran fún aláìsàn wọn: ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń lọ̀. Kí ni ó dé tí tiwa fi ní láti jẹ́ ohun tí kò dùn tí kò sì ní agbára?

Ilẹ̀ Yorùbá ti ní oúnjẹ lílọ̀ kí ẹ̀rọ ìlọta tó dé. Ẹ wo gbẹ̀gìrì. A rẹ ẹ̀wà, a bó èèpo rẹ̀ kúrò, a sè é títí ó fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀, a fi ìjábẹ̀ já a, a sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, ohun tí ó lé ní 20 ni èròjà amúaradàgbà. Bí ó bá wá di ti aláìsàn, kí a má ṣe bu omi lásán là á. Omi tí a fi se adìẹ tàbí ẹja ni kí a lò, kí a lọ ẹja gbígbẹ tí a ti yọ egungun rẹ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun sí i, kí a sì fi irú díẹ̀ àti epo pupa sí i. Ẹni tí kò lè jẹ ju ṣíbí mẹ́wàá lọ nílò kí ṣíbí kọ̀ọ̀kan ní láárí.

Ata ni kí a fi sílẹ̀ nígbà tí ẹnu bá bó, àti tòmátì àti ọsàn pẹ̀lú, nítorí wọn a máa ta egbò. Àwọn kan yóò sọ pé ọbẹ̀ tí kò ní ata, ọbẹ̀ kọ́. Àwa kò gbà. Edé gbígbẹ tí a lọ̀, irú, àlùbọ́sà tí a sè títí ó fi dùn: gbogbo wọn ní adùn láìta ẹnu. Bí òórùn irú bá ń rí aláìsàn lára, kí a jẹ́ kí oúnjẹ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oúnjẹ tí kò gbóná kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń ṣe é bí irin, kí a pa ṣíbí irin tì, kí a fún un ní ti igi tàbí ti ike.

Kíkúnná nìkan kò tó. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti pawọ́ pọ̀ ṣe òṣùwọ̀n kan fún àwọn tí gbígbé oúnjẹ mì ń ni lára, tí wọ́n ń pè ní IDDSI, láti ìpele 0 títí dé 7. Oúnjẹ lílọ̀ wà ní ìpele 4. Ìdánwò rẹ̀ kò ju ti ilé ìdáná lọ. Bí a bá dẹ ṣíbí sí ẹ̀gbẹ́, kí oúnjẹ náà yọ̀ bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìlẹ̀ mọ́ ṣíbí. Bí a bá bù ú sórí fọ́ọ̀kì, kí ó jókòó lé e láìkán tótó. Kókó kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀. Ìdánwò yìí fi hàn pé iyán, bí ó ti wù kí ó rọ̀ tó, kò yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Ẹni tí ó bá sì ń wúkọ́ bí ó ti ń gbé oúnjẹ mì, kí a sọ fún dókítà kí a tó tún fún un ní ohunkóhun.

Ohun kan ń bí wa nínú. Àwọn kan ń sọ fún ẹbí pé ẹran, ẹyin àti ẹja ni jẹjẹrẹ ń jẹ, pé kí a fi ebi pa á. Aláìsàn ni ebi náà ń pa, kì í ṣe àrùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní oúnjẹ sísè, ẹ fi èyí kún ẹ̀kọ́ yín. Ẹ kọ́ wọn ní ògì tí a fi ẹ̀wà sóyà ṣe, èyí tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Oṣòdì ti ṣe iṣẹ́ lé lórí. Ẹ kọ́ wọn ní kunun gyada àwọn ará Àríwá, tí a ń fi ẹ̀pà àti ìrẹsì ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́ sàn ju àwo ńlá mẹ́ta lọ, àti pé oúnjẹ tí ó ti sùn síta kò yẹ ẹni tí oògùn ti dín agbára ara rẹ̀ kù.

Láti ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira, ni Ìbàdàn ti ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ mú. Ó dára tí a ń kà wọ́n. A fẹ́ kí gbogbo ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ ìtànṣán tún máa fún ẹbí ní ìwé pélébé kan lórí oúnjẹ, ní èdè tí wọ́n gbọ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń ti ọ̀nà jíjìn wá, ìdáná ẹlẹ́ni ni wọ́n sì ń yá lò. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé a kì í da gbogbo oúnjẹ pọ̀ lọ̀ di àwọ̀ kan. Kí gbẹ̀gìrì wà ní apá kan àwo, kí ẹran tí a fi omi rẹ̀ lọ̀ wà láàárín, kí ewédú wà ní apá kejì bí ọ̀fun rẹ̀ bá gbà á. Ọmọ Ìbàdàn tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé abùlà ni wọ́n gbé wá fún òun.