“Gé”, “Ká Mọ́”, “Yọ Sọ́tọ̀”: Lórí Orúkọ Iṣẹ́ Mẹ́ta nínú Àwòrán Ìkọ́lé

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni ó ń ru ẹrù mẹ́ta lẹ́nu àwọn tí ń fi Yorùbá ṣàlàyé àwòrán ìkọ́lé orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà ni “gé”. Bí ayàwòrán-ilé bá fi ìlà yí apá kan àwòrán ká kí ìyókù má baà hàn, wọn á ní ó gé e. Bí ó bá mú apá náà jáde tí ó sì sọ ọ́ di fáìlì mìíràn, wọn á ní ó gé e. Bí ó bá ya inú ilé bí ẹni pé wọ́n fi ayùn là á láti òrùlé dé ìpìlẹ̀, gígé náà ni wọn yóò tún pè é. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọ ara wọn, ewu inú wọn kò sì dọ́gba.

Ẹni tí ó bá rò pé àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ èdè lásán ni èyí, kí ó wo etí òkun Ìlàjẹ. Ní Ayétòrò, ìlú tí ìjọ àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gba ilé, ó ti gba ilé-ìwé, ó ti gba ibi tí wọ́n ń sìnkú sí. Ní 2004 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó ìdàgbàsókè Niger Delta kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ odi tí yóò dáàbò bo etí òkun náà fún agbaṣẹ́ṣe. Ní 2009 wọ́n tún un gbé fún òmíràn. Níbi tí irú odi bẹ́ẹ̀ kò bá tíì sí lórí ilẹ̀, àwòrán nìkan ni ará ìlú lè fi bèèrè ọ̀rọ̀. Ibo ni odi yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ilé ta ni yóò kù sí ìta? Bí ó bá jẹ́ apá kan àwòrán ni wọ́n fi hàn án, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn wà ní ẹ̀yìn ìlà tí wọ́n fi yí apá náà ká.

Ohun tí ó sì yẹ kí olùkọ́ mọ̀ nìyí: ìyókù àwòrán náà kò lọ síbì kan. Nínú AutoCAD, tí ó jáde ní 1982, àṣẹ tí ń yí àwòrán ká kàn ń fi ìyókù pamọ́ ni. Gbogbo ìlà rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì. Bákan náà ni ti PDF. Ẹni tí ó bá mọ̀ lè béèrè pé kí wọ́n ṣí ìyókù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè ohun tí wọ́n ti sọ fún un pé wọ́n gé? Lójú Yorùbá, ẹ̀ka tí a gé ti kúrò lára igi.

Nítorí náà, “ká mọ́” ni ó yẹ iṣẹ́ kìíní. Apẹja fi àwọ̀n ká ẹja mọ́, síbẹ̀ omi òde àwọ̀n ṣì jẹ́ omi. Àwọn kan yóò ní àwọn onígírámà ti fi “àkámọ́” pe àmì tí ń sé ọ̀rọ̀ mọ́. Kí àkámọ́ máa jẹ́ ti wọn. Kí “ìkámọ́” jẹ́ orúkọ iṣẹ́ orí àwòrán. Ìtumọ̀ méjèèjì tilẹ̀ bára tan.

Iṣẹ́ kejì ni “ìyọsọ́tọ̀”, ohun tí ó sì ti inú rẹ̀ jáde ni “àyọsọ́tọ̀”. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti ní “àyọkà”, ó sì ti ní “àyọlò”. Kò sí ìdí tí ẹnjiníà kò fi lè ní tirẹ̀. Ní ti èyí, ìyókù kò bá a lọ mọ́: àmì àríwá, òṣùwọ̀n, àti ìpele tí wọ́n ti ń wọn gíga omi lè dúró sí ojúewé àkọ́kọ́. Bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ 1:500, sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún mítà 5. Bí wọ́n bá tẹ àyọsọ́tọ̀ náà ní ìlọ́po méjì láìyí 500 padà, mítà 5 yóò di sẹ̀ǹtímítà 2, káfíńtà tí ó bá sì fi rúlà wọ̀n ọ́n yóò ri òpó afárá rẹ̀ sí mítà 10. Orí òpó ni ilé àwọn ará etí omi wọ̀nyí dúró sí.

Iṣẹ́ kẹta ni “àlàjá” yẹ fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa pè é ní sẹ́ṣọ̀n nínú ilé iṣẹ́ kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kíkà nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàjá lè fi hàn bí odi ti ga tó ju ojú omi lọ. Kí àwọn tí kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ra, kí wọ́n má baà sọ àwòrán odi di ẹni tí ó ní ajá.

Iṣẹ́ tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ ilé-ìwé lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wúlò gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ó gbájú mọ́. Kí ìgbìmọ̀ èyíkéyìí tó tẹ orúkọ iṣẹ́ mẹ́ta yìí, kí ó kọ́kọ́ kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn káfíńtà àti agbẹ́kọ̀ọ́ ní Ìgbókọ̀dá, kí ó tẹ́ àwòrán odi sílẹ̀ níwájú wọn, kí ó sì gbọ́ ohun tí àwọn fúnra wọn yóò pè é.