Tírélà tó ń ju ìdí: Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà nìkan ló jẹ̀bi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tírélà tó ń ju ìdí sọ́tùn-ún sósì lórí afárá. Ibi tí wọ́n ti di ẹrù rẹ̀ ni wàhálà náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ohun tí à ń wí. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ọjà ti tú, ni tírélà máa ń gba Afárá Carter láti Ìdó wọ Ìdúmọ̀tà, òmíràn á gba Afárá Èkó já sí Apọ́ngbọ̀n. Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 ló ní kí tírélà má rìn nígboro láti aago mẹ́fà àárọ̀ di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àyàfi ọkọ̀ epo àti bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó èrò. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n aago kọ́ ló ń so kọ̀ntẹ́nà mọ́lẹ̀.

Ta ló gbàgbé ti Ojúẹlẹ́gba? Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ntẹ́nà já láti orí afárá, ó pa èèyàn mẹ́ta. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2023, òmíràn tún já lé bọ́ọ̀sì èrò lórí níbẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án kú, obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n yọ láàyè.

Òótọ́ ni pé eré àsápajúdé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá pọ̀ ní ìdí ju iwájú lọ, ìwúwo tó ń tẹ ibi tí orí ọkọ̀ ti gbá tírélà mú á dín kù, ìdí á sì máa darí orí. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó àti ibi ìsokọ́ tó ti jẹ á tún dá kún un. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kí awakọ̀ má ṣe tẹ bíréèkì lójijì, kó má sì fa ọwọ́ ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ ni kó rọra gbé kúrò lórí iná, kí eré dín kù fúnra rẹ̀.

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ntẹ́nà ló ní ibi tí à ń tì í mọ́ tírélà. Àwọn awakọ̀ kan kì í tì í. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá fẹ́ dojú dé, kí kọ̀ntẹ́nà nìkan já, kí ọkọ̀ là. Ọkọ̀ là lóòótọ́, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́?

Síbẹ̀, dẹ́rẹ́bà kọ́ ló to ẹrù sínú kọ̀ntẹ́nà, wọ́n ti tì í pa kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun kọ́ ló ni ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti jẹ. Nítorí náà, bí ẹjọ́ bá dé, kí ẹni tó ni ọkọ̀ àti ẹni tó di ẹrù náà wá wí tẹnu wọn. Kí tírélà kankan má sì jáde ní èbúté Àpápá láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò.

Ẹ̀yin ará oko náà, ẹ fetí sí i. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí katakata ń fà láti oko ẹ̀gẹ́ kò yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹrù tó wúwo wà níwájú díẹ̀, kẹ́ ẹ sì dì í dáadáa. Okùn tí a kò so nílé, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló ń já lójú ọ̀nà.