Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Igi Lórúkọ

Ní 1807, Gaertner ará Jámánì kọ àpèjúwe igi òrí fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó sọ ọ́ ní Vitellaria paradoxa. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn fi Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland, sọ ọ́ lórúkọ. Ṣakí àti Ìsẹ́yìn tó ń fi òrí para kò sí nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, òfin ìsọrúkọ ewéko gbà kí orúkọ ti inú èdè èyíkéyìí wá. Ọwọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ló kù sí. Ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn eléwé ọmọ ní Òkè-Ògùn, ká kọ orúkọ ewé sílẹ̀ tàmìtàmì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí ewéko tuntun níbẹ̀, kí orúkọ Yorùbá ti wà nílẹ̀ dè wọ́n.