Àpáta Nìkan Kọ́ Ni Odi

Ẹnu ọmọdé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde, ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìjà ni mo gbé wá, ẹgbẹ́ wa gan-an ni mo sì gbé e wá bá.

Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ wa lọ wo Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. N kò sọ pé ibẹ̀ kò dára. Àpáta tí orí rẹ̀ fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní ọdún 1830, nígbà tí ogun ti tú wọn ká nínú igbó wọn, tí Ṣódẹkẹ́ sì kó wọn débẹ̀. A wo ihò tí wọ́n fara pamọ́ sí, a gun orí àpáta, a ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì, a wọ ọkọ̀, ó di ilé.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ẹ̀gbá, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìwọ ọmọ Kúta, òkè wo lẹ ní nílé yín? Kí ni àlejò fẹ́ wá wò níbẹ̀?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Kúta tó wà lẹ́bàá Ìwó, ìlú Òwu ni. Òótọ́ ni pé àwọn Òwu kò ní àpáta tí wọ́n sá sí. Odi ni wọ́n mọ yí ìlú wọn àtijọ́ ká. Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 pé lórí atare ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjà Àpòmù, tí ó fi di ogun láàárín 1820 sí 1830. Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ ló dó ti Òwu. Ìbọn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú. Àdá ni Òwu fi ń jà. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni wọ́n fi dó tì wọ́n. Nígbà tí oúnjẹ tán, pọ́pọ́ndó tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí oúnjẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ohun tí ìbọn kò tètè lè ṣe, ebi bá a ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Oko àti abúlé ni agbára odi. Bí ọ̀tá bá ti já ìlú gbà kúrò lọ́wọ́ oko rẹ̀, odi ti di ẹ̀wọ̀n. Olúmọ pàápàá kò yàtọ̀: kò sí ẹni tí í jẹ àpáta. Nígbà tí ogun Dàhòmì dé ní ọjọ́ 3 oṣù Mẹ́ta ọdún 1851, ẹ̀bá odi, ní ìhà ẹnubodè Àrò, ni Abẹ́òkúta ti dá wọn padà, kì í ṣe orí àpáta. Ta ló wà nínú ìlú náà nígbà yẹn? Àwọn Òwu wà níbẹ̀, nítorí láti 1834 ni wọ́n ti ń bá Ẹ̀gbá gbé. Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti gbọ́?

Ohun tó tún dùn mí nìyí. Aké, Ìjẹmọ̀, Kéǹta: orúkọ ìlú tí ogun fọ́ nínú igbó Ẹ̀gbá ni, tí àwọn ènìyàn gbé lọ́rùn wá sí àdúgbò wọn tuntun. A gba àárín wọn kọjá, a kò sì béèrè ọ̀rọ̀ kan. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè nìyẹn! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ sílé. Mo gun ọ̀kadà láti Kúta lọ sí abúlé tí ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi ń gbé. Bí mo ti dọ̀bálẹ̀, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé àárín, ó dákẹ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ló tún há sí. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó mọ ìyókù ti kú lọ́dún tó kọjá."

Èdè Faransé àti Yorùbá ni mo ń kọ́. Mo lè dárúkọ ààfin tí àwọn ọba Faransé ń gbé lẹ́bàá odò Loire: Amboise, Blois, Chambord, n kò sì fojú kàn wọ́n rí. Oríkì orílẹ̀ mi, àbọ̀ ni mo gbọ́. Fóònù tó lè gba ohùn wà lápò mi ní gbogbo ọdún tí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi wà láàyè. N kò lè di ẹ̀bi yìí ru ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò ní Johnson ti kọ ìtàn náà tán. Johnson ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ẹni tí wọ́n fọ́ ìlú rẹ̀ ní ẹnu tirẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní kò sí ohun tí a lè fojú rí ní abúlé. Bẹ́ẹ̀ ni, etí ni a ó mú lọ. Àwọn tó ṣẹ́gun Òwu pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ìlú náà kọ́. Ẹnu àwọn àgbà nìkan ni àṣẹ náà kò ká. Odi tó kù nìyẹn, ojoojúmọ́ ni òkúta kan sì ń jábọ́ lára rẹ̀.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ìrìn-àjò wa tó ń bọ̀ jẹ́ sí Àpòmù, Orílé-Òwu àti Kúta, pẹ̀lú àwọn abúlé tó yí wọn ká. Kí a sùn níbẹ̀. Kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí a kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, kí a dá ẹ̀dà kan padà fún àwọn tó ni ín. Ìyá àgbà mi ṣì wà láàyè. Ìdajì tó mọ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a tún sọ ọ́ nù.